Òkúta Tó Wú Nílẹ̀ Ààfin Àwọn Ará Róòmù

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ará ilé, àti ẹ̀yin àlejò tí ẹ gbọ́ pé ìtàn ń bẹ nílẹ̀ tí ẹ fi ebè sílẹ̀ lóko. Ẹni tí ikọ́ bá ń gbọ̀n, kó wú u tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì fẹ́ jiyàn, kó rántí pé èmi ni mo lọ, òun ni kò lọ. Èmi Ọdẹ́bíyìí nìyí, ọdẹ tó pàdé iwin olórí mẹ́ta tó sì bi í pé èwo nínú wọn ló fi ń jẹun. Òkúta kan tí kò tó àtẹ́lẹwọ́ ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Òkúta yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ọmọ ìyá mi lọ́wọ́ mi.

Lọ́dún náà, èmi àti àbúrò mi obìnrin, Àwẹ̀ró, wọ Igbó Àìbojúwẹ̀yìn. Èmi ń lépa ẹtu kan, òun ru oúnjẹ tẹ̀lé mi, ó sì ń sọ̀rọ̀ sí mi lẹ́yìn láìsinmi, pé ẹtu tí mo ń lé ti délé, ó ti jẹun, ó ti na ẹsẹ̀ sílẹ̀, ó ń sọ ìtàn ọdẹ kan fún àwọn ọmọ rẹ̀. Àwẹ̀ró kì í dákẹ́. Bí a ti ń bá a lọ báyìí ni igbó tán lójijì, a bá ara wa lẹ́nu ibodè ìlú kan tí gbogbo ilé ibẹ̀ funfun. Àwọn òkú ará Róòmù ìgbà láéláé ló ń gbé ibẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti lọ síbi tí òkú yòókù ń lọ, wọ́n ní ilẹ̀ ilé ibẹ̀ kò dán tó tiwọn. Aṣọ tí wọ́n wé mọ́ra dà bí ti ẹni tí wọ́n lé jáde ní balùwẹ̀. Bí wọ́n bá sì ń rìn, wọn kì í wo iwájú. Ilẹ̀ ni wọ́n ń wò, wọ́n ń yọ̀ bó ṣe ń dán.

Wọ́n mú wa dé ààfin. Ẹ̀yin ará, mo ti rí ilẹ̀ tí wọ́n fi ìgbẹ́ màlúù pa, mo ti rí èyí tí wọ́n fi àpáàdì tẹ́, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí rí. Òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n gé, èyí tó pupa, èyí tó funfun, èyí tó dà bí ewé, wọ́n tò wọ́n mọ́ra wọn títí wọ́n fi di òdòdó, ẹyẹ àti ẹja. Ọba wọn, Fulufíọ́sì, jókòó lórí àga gíga, ó ká ẹsẹ̀ méjèèjì sókè kó má bàa ba ilẹ̀ náà jẹ́. A kò tíì kí i tó fi bẹ̀rẹ̀ sí ka ìran àwọn òkúta rẹ̀ fún wa. Ó ní èyí wá láti aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn, ó ní ọ̀hún la òkun méjì kọjá, ó ní kò sí ẹyọ kan nínú wọn tó jẹ́ ọmọ ilẹ̀ yìí, nítorí ohun tí a rí lẹ́yìnkùlé kì í ṣe ohun tí ọba ń tẹ̀. Àwọn ìjòyè rẹ̀ ń mi orí bí alángbá.

Èmi náà kò jẹ́ kó dá nìkan fọ́nnu. Mo ní èmi ni Ọdẹ́bíyìí, ọmọ ọdẹ tó pa erin méje, ọmọ ẹni tí ẹkùn ń rí tó ń yà fún lọ́nà. Orí ìdúró ni mo ti sọ ọ́. N kò dọ̀bálẹ̀, nítorí mo rò pé èmi tí mo wà láàyè kò gbọdọ̀ fi àyà lélẹ̀ fún ẹni tó ti kú.

Àwẹ̀ró ní tirẹ̀ jẹ́ ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé. Ó sọ ẹrù kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó kí ọba. Ibi tó kúnlẹ̀ sí gan-an, ihò kékeré kan wà níbẹ̀ tí òkúta kan ti yọ kúrò. Àwọn ará ìlú yẹn kì í kúnlẹ̀ kí ẹnikẹ́ni. Ọwọ́ ni wọ́n ń nà sókè bí ọmọ iléèwé tí ìtọ̀ ń gbọ̀n. Fún ọ̀ọ́dúnrún ọdún tí ihò náà ti wà, wọ́n ń yà á sílẹ̀ rìn ni, orúnkún ènìyàn kankan kò kàn án rí. Ilẹ̀ bá gbá orúnkún àbúrò mi mú. Mo fà á, kò yẹ̀. Mo tún fà á, ó ké. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wò ó, orúnkún náà ti di òkúta, ó sì ti ń gun itan bọ̀.

Ìyá arúgbó kan ń bẹ níbẹ̀ tó ń nu ilẹ̀, Lúsílà lorúkọ rẹ̀, ẹrú ni wọ́n rà á nígbà ayé wọn, kò sì bọ́ lóko ẹrú lẹ́yìn ikú. Òun ló ṣàlàyé fún mi. Ó ní bó bá di ọ̀sán ọjọ́ keje, òkúta yóò bo orí Àwẹ̀ró, ìyẹn sì parí. Ilẹ̀ kò ní jọ̀wọ́ rẹ̀ àfi bí òkúta tó yọ níjọ́sí bá padà sáyè rẹ̀. Mo bi í pé òkúta ọ̀hún dà. Ó ní ó wà nínú àpótí wúrà, ṣùgbọ́n ó ti wú, kò wọ ihò mọ́. Àwọn ẹrú tó tẹ́ ilẹ̀ náà ló gbé èpè lé e kí wọ́n tó kú: bí wọ́n bá ti fi ìran tí kì í ṣe tirẹ̀ kì í, yóò wú, bí wọ́n bá fi ibi tó ti wá gan-an kì í níṣojú gbogbo àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́, yóò sún kì, yóò sì padà sílé rẹ̀. Ó ní láti ọ̀ọ́dúnrún ọdún ni ọba àti ìjòyè ti ń fi oríkì olówó kì í, òun náà sì ń wú.

Lúsílà tún la ẹnu pé kí n dúró, ó ní ọ̀rọ̀ kan kù tí òun fẹ́ sọ fún mi nípa òkúta náà. Mo dá a dúró. Mo ní, ‘Ìyá, iṣẹ́ ọkùnrin ló kù, ẹ máa nu ilẹ̀ yín.’ Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń wò mí báyìí, ẹ máa wò mí dáadáa, ojú yín kò lè burú tó ojú tí mo fi ń wo ara mi nígbà tó yá.

Mo ṣí àpótí wúrà, mo gbé òkúta sápò. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ, ilà ojú ẹni ni a sì fi ń mọ ìlú rẹ̀, torí náà ojú òkúta ni mo kọ́kọ́ wò. Ó pọ́n dòdò bí aró àlùkò, funfun tó-tò-tó sì wà lára rẹ̀. Kíá ni mo ti mọ̀ pé ọmọ Òkè Àlùkò ni, èyí tó wà ní aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn, tí àwọn ọba Róòmù ń fi òkúta rẹ̀ ṣe fáàrí. Ta ló tún gbọ́n tó mi? Mo mú ọ̀nà pọ̀n, kí n lè gba ìran rẹ̀ lẹ́nu òkè náà fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, iwin kan dábùú ọ̀nà mi lẹ́nu ihò àpáta. Akọnimọ́ra ni wọ́n ń pè é, ìka ọwọ́ rẹ̀ kan ṣoṣo gùn ju ìbọn mi lọ. Mo yìnbọn fún un, ó fi ọta ìbọn ta eyín. Nígbà tí agbára kò ràn án, mo bẹ̀rẹ̀ sí kì í. Mo ní akọni tí ń jókòó tí òkè ń dìde fún un, ẹlẹ́yinjú iná tí oòrùn ń tọrọ ìtànná lọ́wọ́ rẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ó ń wú, ó ń wú, títí ó fi há sẹ́nu ihò rẹ̀, kò lè wọlé, kò lè jáde. Mo gba abẹ́ apá rẹ̀ kọjá, ó sì ń bẹ̀ mí pé kí n tún kì í díẹ̀ sí i. Ìwọ tí ò ń rẹ́rìn-ín, mo mọ bí orí rẹ ṣe rí nígbà tí onírárà kì ọ́ níbi ìsìnkú bàbá ìyàwó rẹ. Ṣùgbọ́n òkúta inú àpò mi ti gbọ́ oríkì yẹn náà, ó rò pé òun ni mo ń kì. Ó wú mọ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi ṣubú yakata.

Ọjọ́ kẹta ni mo dé ẹsẹ̀ Òkè Àlùkò. Ooru ibẹ̀ lè fi irun orí ẹni dáná. Òkè náà sọ̀rọ̀ láti inú ara rẹ̀, ó ní kí n tó béèrè nǹkan lọ́wọ́ òun, kí n já àlọ́ kan: kí ló wà lábẹ́ ẹsẹ̀ ọba tó ju ọba lọ lọ́jọ́ orí? Mo dáhùn kíá pé bàtà bàbá rẹ̀ tó jogún ni. Òkúta bẹ̀rẹ̀ sí rọ̀ lé mi lórí bí òjò ìgbà àrọ̀kúrò. Mo sá sábẹ́ àpáta, mo ronú, mo ké pé ilẹ̀ ni. Ó dáwọ́ dúró. Mo wá gbé ọmọ rẹ̀ kalẹ̀ níwájú rẹ̀, mo ń retí kó dì mọ́ ọn.

Òkè Àlùkò ní, ‘Gbogbo ọmọ mi tí wọ́n gé lọ ni mo mọ̀. Mo mọ àwọn ẹrú tí òùngbẹ pa níbi tí wọ́n ti ń gé wọn, orí ẹsẹ̀ mi ni wọ́n sin wọ́n sí. Èyí kì í ṣe tèmi. Ṣé pé wọ́n pa ènìyàn tó bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ mi, kò tún tó wọn, wọ́n tún ń fi àwọ̀ mi purọ́?’

Mo gbé òkúta náà padà sápò. Ó rán mi lọ sọ́dọ̀ Òkè Ẹfun, ó ní ìyẹn ló mọ bí a ṣe ń dá èké òkúta mọ̀.

Ọjọ́ karùn-ún ni mo débẹ̀. Ẹ wá wo èrò. Òkúta tó tó ẹgbẹ̀rún ló tò sẹ́sẹ̀ òkè náà, èyí tó dúdú, èyí tó rí wúruwùru, olúkúlùkù ń ké pé òun ni àkọ́bí rẹ̀, wọ́n jí òun gbé ní kékeré ni. Òmíràn da ẹfun sára, òjò tó ṣú lókè sì ti ń kó ìpayà bá a. Òkè Ẹfun kò tilẹ̀ bojú wò wọ́n. Ó sọ fún mi pé iṣẹ́ kékeré ni mo gbé wá: kí n fi omi òjò wẹ òkúta mi, kí n fi iyanrìn ha á, kí n sì gbóòórùn rẹ̀, nítorí òkúta tó bá tutù kò lè fi òórùn ilé rẹ̀ pamọ́. Bí òjò ṣe kán ẹyọ kan báyìí, gbogbo èrò ẹsẹ̀ òkè ló fọ́nká.

Mo wẹ òkúta mi. Omi pupa ń ṣàn. Àlùkò lọ, funfun tó-tò-tó lọ, ó wá ku òkúta ṣákálá kan, àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi èlùbọ́. Mo gbé e sí imú. Ẹ̀yin mọ imú mi, mo lè gbóòórùn ọ̀yà tó kọjá lánàá. Òórùn àlùbọ́sà, ẹja bíbà àti omi ìṣàwo ló gba imú mi kan. Mo ní, ‘Ìwọ òkúta yìí, ọmọ ibo ni ọ́?’

Ó kọ́kọ́ sunkún. Ó ní òun bẹ̀ mí, kí n má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Inú odò tó wà lẹ́yìn ààfin Fulufíọ́sì ni ìyá òun wà, níbi tí àwọn ẹrú ti ń fọ ìkòkò. Àwọn tó ń gé òkúta ni kò rí tòótọ́ mú wá lọ́dún náà, wọ́n bá gé òun, wọ́n kùn òun, ọba sì sanwó òkè òkun.

Mo mọ̀ pé òwe Sókótó ti wà lẹ́nu yín, ẹ ti ń gbọ̀n láti pa á fún mi. Ẹ gbé e mì. Ohun tó dùn mí ju rírìn lásán lọ ni Lúsílà. Ọwọ́ ta ló ń fọ ìkòkò nínú odò yẹn bí kì í ṣe tirẹ̀? Ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ẹnu ara mi jù nù, Àwẹ̀ró ló sì ń san án. Mo sáré tí n kò sá rí, mo ń sunkún bí mo ti ń sáré, ojú kò sì tì mí.

Ọ̀sán ọjọ́ keje kù díẹ̀ tí mo wọ ààfin. Òkúta ti dé ọrùn Àwẹ̀ró. Ẹni tí kì í dákẹ́ ti dákẹ́. Lúsílà jókòó tì í, ó ń fi àkísà rẹ̀ nu òógùn ojú rẹ̀. Gbogbo ìjòyè pé, ọba sì fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ti rí òkúta lọ́wọ́ mi, bí ọ̀dà ṣe ti ṣí lára rẹ̀, kò sì yà á lẹ́nu, ẹ̀yin ará! Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Gbogbo wọn ló mọ̀.

Ó rọra sọ fún mi pé, ‘Ọdẹ, Òkè Àlùkò ni kí o pè. Ẹnì kan ni àbúrò rẹ, iyì gbogbo ìlú ni ilẹ̀ yìí. A óò gbẹ́ orúkọ rẹ sára ògiri, ìwọ ọmọ aperin.’

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo ṣe. Ẹ̀rù bà mí, orúkọ tí wọ́n fẹ́ gbẹ́ yẹn sì dùn létí mi. Mo dúró sí àárín wọn, mo na òkúta sókè, mo ní:

‘Ọmọ Òkè Àlùkò, ọmọ ibi tí oòrùn ti ń wọṣọ,
ọmọ òkúta tí ọba ń rí tí ń ṣí adé...’

Òkúta wú lọ́wọ́ mi, àwọn ìjòyè hó yèè. Mo wo ilẹ̀, mo rí i pé òkúta ti gba ọrùn Àwẹ̀ró kọjá, ó ti kan àgbọ̀n rẹ̀. Ó ń wò mí. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ti mọ̀ pé ohun tí n óò ṣe nìyẹn, tó sì ti foríjì mí ṣáájú. Ìyẹn ló pa mí. Mo yíjú sí òkúta, mo pariwo:

‘Ọmọ odò ẹ̀yìnkùlé, ọmọ omi ìṣàwo,
ọmọ ibi tí ẹrú ti ń ha èéfín ìdí ìkòkò,
òkúta tí ewúrẹ́ ń fi ara yún kó tó lọ mumi,
wọn ò gbé ọ la òkun, agbọ̀n èlùbọ́ ni wọ́n fi rù ọ́ wọlé!’

Àwọn ìjòyè fi ọwọ́ di etí. Òkúta kò sún kì. Ó la ẹnu, ó sọ̀rọ̀ tí gbogbo wọn gbọ́.

Ó ní, ‘O ti tú mi láṣọ níwájú àwọn tó ń tẹ̀ mí. Ó dára. Ìwọ tí o ń kì mí, ọmọ ta ni ọ́? Àti pé má pe erin sí i o.’

Ẹ̀yin ará, mo ti bá iwin jà, mo ti sùn nínú ihò ejò. Kò sí èyí tó le tó ìbéèrè yìí. Ìjòyè ogójì ń wò mí. Òkúta ti dé ètè àbúrò mi.

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀ náà, mo ní, ‘Ìgbín ni bàbá mi ń ṣà. Kò pa erin. Kò mú ìbọn lọ́wọ́ rí, ìró rẹ̀ ń bà á lẹ́rù. Bí òjò bá rọ̀, yóò gbé agbọ̀n, yóò lọ ṣa ìgbín lábẹ́ ewé, ìyá wa yóò sì fi ọ̀pá gún un lọ sọ́jà. Ìgbín yẹn ni wọ́n fi tọ́ èmi àti Àwẹ̀ró.’

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, gbogbo wọn sì bá a dá a sílẹ̀. Òkúta náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tirẹ̀ kò ní ẹ̀gàn nínú. Bó ti ń rẹ́rìn-ín ló ń sún kì, títí ó fi kéré bí ẹ̀kùrọ́ méjì. Ó fò lọ́wọ́ mi, ó wọ ihò rẹ̀, ó fi èjìká ti orúnkún Àwẹ̀ró kúrò, ó sì sùn pẹrẹsẹ. Òkúta ń yọ lára àbúrò mi bí èèpo iṣu. Lúsílà ló kọ́kọ́ dì í mú kó má ṣubú. Mo dojú bolẹ̀ fún ìyá náà, mo tọrọ àforíjì. Ó ní kí n dìde, pé mo ń fi òógùn ba ilẹ̀ tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ nù jẹ́.

A kò tíì dé ẹnu ilẹ̀kùn tí ọba ti ránṣẹ́ pe oníṣẹ́ ọ̀dà. Mo bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin náà ti kúnlẹ̀ ti òkúta, ó ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà àlùkò, ìjòyè kan sì dúró lé e lórí, ó ń fi han àwọn àlejò tuntun, ó ní láti aṣálẹ̀ ìlà-oòrùn ni èyí ti wá. Àwọn àlejò ń mi orí.

Nínú igbó, Àwẹ̀ró bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀ padà, inú mi sì dùn débi pé n kò dá a lóhùn kó má bàa dákẹ́. Nígbà tí a kù díẹ̀ ká wọlé, nílùú yìí tí a kó wá, tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ bàbá wa, ó bi mí pé, ‘Ẹ̀gbọ́n mi, kí la óò sọ fún wọn nílé pé bàbá wa jẹ́?’ Mo ní aperin ni. Ó wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó gbé ẹrù rẹ̀, ó wọlé.

Ogójì ọdún ni mo fi sọ ìtàn yìí lábẹ́ igi yìí, erin méje ló sì wà nínú rẹ̀ nígbà gbogbo, ṣùgbọ́n mo máa ń fo ti orúnkún Àwẹ̀ró. Ibẹ̀ yẹn ni Àwẹ̀ró máa ń jókòó, ó ń bó ẹ̀gúsí, ó gbọ́ ọ títí, kò já mi nírọ́ lójú ẹnikẹ́ni rí. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé a sin ín lóṣù tó kọjá. Ìgbà tí wọ́n ń wẹ̀ ẹ́, wọ́n bi mí pé kí ni àmì aláwọ̀ eérú tó wà lórúnkún rẹ̀, èmi sì dákẹ́ láàárín àwọn tó ń sunkún. Ẹ ti gbọ́ ọ lónìí. Ọmọ ẹni tó ń ṣa ìgbín ni mí, ọmọ ìyá Àwẹ̀ró.

Ibi tí ẹsẹ̀ mi dé nìyẹn. Bí ẹ bá ń gbé ìtàn náà délé, ẹ gbé e bí mo ṣe fún yín, ẹ má kùn ún lọ́dà.